Ọba Kì Í Pa Ọ̀kọrin

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo bá wá lónìí. Ní ìlú tí a ti ń ṣe ìjọba tiwa-n-tiwa, ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, ta ni ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún un pé, "Ó tó"? Kí n tó nàka sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ ara mi.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ń kọ́ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ìròyìn kan tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ní ọjọ́ kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùkọ́ kan ti gba ìwé ìdánwò àwọn láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò tíì dá a padà. Wọn kò dárúkọ, ṣùgbọ́n èmi ni. Òótọ́ sì ni. Inú bí mi, mo já ìwé náà lára ògiri, mo ní ìwà àrífín ni. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti àpárá nìkan ni wọ́n ń kọ. Ọkàn mi balẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, wáyà iná gbiná ní yàrá tí wọ́n ń sùn, ibùsùn kan sì jóná. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sí ẹni tó fara pa. Nígbà tí a wádìí, a gbọ́ pé ó ti pẹ́ tí wáyà náà ti bó, tí iná sì ń bù yẹ̀rì lára rẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Èéṣe tí ẹ kò kọ ọ́ sára ògiri?" Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, "Sà, a rò pé a kò gbọdọ̀ kọ ohun tí kò dára mọ́ ni."

Ẹnu tí mo pa mọ́ nítorí ara mi ni ó dákẹ́ nígbà tí iná ń bọ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí, ni wọ́n fi wí pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, ní òru Ẹfẹ̀ nígbà ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹni tó gbé Ẹfẹ̀ a máa fi orin sọ àṣìṣe àwọn ará ìlú, títí kan ìjòyè àti ọba. Ẹni tí orin bá bá wí kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ bá olórin jà. Kì í ṣe pé ọba fẹ́ràn èébú. Ó mọ̀ pé bí a bá gba orin lẹ́nu ará ìlú, nǹkan mìíràn ni wọn yóò fi ọwọ́ mú.

Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà gbàgbé òwe yìí. Hubert Ògúndé gbé eré kan jáde tí ó pè ní Yorùbá Ronú. Ó dá lórí ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìjà tó wà láàrin Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Akíntọ́lá nígbà náà mọ ibi tí òwe náà ń lọ. Ni ìjọba bá fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé ní gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹ rántí pé a kò tíì mọ ìjọba ológun nígbà náà.

Ǹjẹ́ ìlú tòrò bí? Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965, wẹ́tíẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń da pẹtiróòlù sí ilé àti ọkọ̀, wọ́n ń ṣáná sí i, ẹ̀mí sì ṣòfò. N kò sọ pé òfin tí wọ́n fi de eré ló fà á o. Ohun tí mo ń sọ ni pé, dídá orin dúró kò dá ìbínú dúró. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, ni a tó gbé òfin náà kúrò lọ́rùn Ògúndé. Kí ẹ má sì rò pé ológun ni ọ̀rẹ́ ọlọ́rọ̀: ní 1984, lábẹ́ Òfin Kẹrin tí àwọn ológun ṣe, a dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún oníwèé ìròyìn méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor.

Ǹjẹ́ ohun tó bá ṣáà ti wù wá ni kí a máa sọ? Rárá o. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì kò gbọdọ̀ fi ti asọ̀rọ̀mágbèsì pa mọ́. Ní ilẹ̀ Rwanda, ní 1993, a dá ilé iṣẹ́ rédíò kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mille Collines. Ó ń kọrin, ó ń dẹ́rìn-ín pa ènìyàn, ó sì ń pe àwọn Tutsi ní aáyán. Nígbà tí ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1994, ó ń dárúkọ ènìyàn, ó ń sọ ibi tí wọ́n wà, kí àwọn apànìyàn lè bá wọn níbẹ̀. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha dá Ferdinand Nahimana, ọ̀kan nínú àwọn tó dá rédíò náà sílẹ̀, lẹ́bi.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Ọ̀rọ̀ Ògúndé dun alágbára. Ọ̀rọ̀ Mille Collines rán àdá sí aláìlágbára. Ohun tó dunni yàtọ̀ sí ohun tó pani. Ìdí nìyí tí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 fi fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀ ní abala 39, tí abala 45 sì gbà kí òfin pààlà sí i nítorí ààbò ìlú àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, bí òfin náà bá tọ́ ní ìlú tiwa-n-tiwa.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ẹnìkan ti kọjá ààlà? Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń ta lára. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Arthur Nwankwo kọ ìwé tó tako gómìnà ìpínlẹ̀ Anambra, a sì rán an lẹ́wọ̀n pé ó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Ní 1983, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Enugu dá a sílẹ̀. Àwọn adájọ́ ní ẹni tó bá wà lórí oyè gbọ́dọ̀ lè gba ìbáwí. Bí a bá bà á lórúkọ jẹ́, kí ó pe ẹjọ́ bí ènìyàn gbogbo. Kí ó má fi agbára ìjọba di ẹnu alátakò.

Èmi náà, nígbà tí mo já ìwé lára ògiri, èmi ni olùjẹ́jọ́, èmi náà ni adájọ́.

Mo ti dá ògiri náà padà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi ni wọ́n tún kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó dùn mí o. Mo kà á tán, mo sì lọ máàkì ìwé wọn.