Ọ̀nà Ọgbà Ẹ̀wọ̀n: Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Kan Bá Àwọn Ẹbí Sọ ní Peckham

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń lọ wo ẹni wa lẹ́wọ̀n. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo gbọ̀ngàn yìí yíká, mo rí ojú méjì mẹ́ta tí a ti jọ tò sí ìlà rí lẹ́nu géètì, tí a sì jọ ń ṣe bí ẹni pé a ò mọ ara wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà.

Ọmọ mi ọkùnrin ni. Ohun tó ṣe, ó ṣe é, kóòtù sì ti dá a lẹ́jọ́. Mi ò wá síbí láti wí àwíjàre. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, Manchester ni mo máa ń sọ pé ó wà, pé iṣẹ́ ló gbé e lọ. Irọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pa mí lára, torí bí mo ṣe bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò ní dárúkọ ọgbà náà. Mo jí ní aago márùn-ún, mo se ìrẹsì, mo dín dòdò, mo di gbogbo rẹ̀ sínú kúlà. Ẹ ò lè bá mi wí. Nílé, bí ẹni ẹni bá wà ní Kirikiri tàbí Agodi, oúnjẹ ni ẹbí máa ń gbé lọ. Àbúrò mi ló bá mi fi orúkọ sílẹ̀ lórí fóònù, orúkọ tí gbogbo ayé ń pè mí ló sì fún wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi, èyí tí bàbá mi fi mú mi wọ ilé ìwé. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà wo ìwé, ó wò mí, ó ní ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ kọ́ nìyí. Mo ní èmi náà ni, mo ní ẹnì kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́fà láàárín wa. Ó ní kí n má bínú, òun ò lè jẹ́ kí n wọlé. Ìrẹsì náà, kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé kúlà padà sínú bọ́ọ̀sì.

Ọmọ mi wà lọ́hùn-ún, ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Ilẹ̀ ṣú, wọn ò pè é. Ó rò pé mo ti kọ òun lọ́mọ. Lẹ́tà tó kọ sí mi lọ́sẹ̀ yẹn ṣì wà nínú Bíbélì mi. Mi ò ní kà á fún yín.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìdánimọ̀ yín gan-an ni kí ẹ fi sílẹ̀, bó ṣe wà níbẹ̀ létà sí létà. Ẹni yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ orúkọ yín sórí ìwé àwọn tó fẹ́ kó máa wá wo òun. Lẹ́yìn náà, ẹ máa nílò nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti ọjọ́ ìbí gbogbo ẹni tó bá ń tẹ̀ lé yín lọ. Ẹni tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀ lè rí àlejò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí kan kan. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ò rí i pé tí ẹ bá pàdánù ẹyọ kan, oṣù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ti ọ̀nà, àwa ará Peckham ṣoríire díẹ̀. Bọ́ọ̀sì 37 ń gbé wa lọ sí Brixton, 177 sì ń gba Woolwich lọ sí Thamesmead. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra ní Thamesmead o! Ọgbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fara kan ara wọn: Belmarsh tí wọ́n ṣí ní 1991, Isis ní 2010, àti Thameside ní 2012. Ìyá kan tí mo mọ̀ tò sí ìlà ní Thameside títí, Isis sì ni ọmọ rẹ̀ wà. Kó tó débẹ̀, àkókò ti kọjá. Ẹni tó bá ní ọmọbìnrin lẹ́wọ̀n, tirẹ̀ tún le jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti Holloway pa ní 2016, Bronzefield ní Ashford ni ọ̀pọ̀ ń lọ, tàbí Downview lápá Sutton.

Wọ́n sì lè gbé ẹni yín kúrò láì sọ fún yín. Èmi máa ń tẹ fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó wọ bàtà.

Owó ọkọ̀ ńkọ́? Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Help with Prison Visits. Tí ẹ bá jẹ́ ẹbí tó súnmọ́ ọn, tí owó tó ń wọlé fún yín kéré tàbí tí ẹ ń gba Universal Credit, ìjọba lè dá owó ọkọ̀ padà, àti owó ibùsùn tí ibẹ̀ bá jìn gan-an. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yín. Láàárín ọjọ́ 28 lẹ́yìn àbẹ̀wò ni fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ná owó ara mi kí ẹnì kan tó sọ fún mi lórí ìlà. Ó dùn mí, ẹ ò mọ̀ bó ṣe dùn mí tó.

Nínú ilé, wọ́n á ní kí ẹ kó ẹrù sínú lọ́kà. Fóònù ò gbọdọ̀ wọlé rárá. Wọ́n á yẹ ara yín wò, ajá á sì gbóòórùn yín. Gèlè mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ní kí n tú u. Fìlà onírun ni mo ń dé lọ báyìí. Lọ́jọ́ tí mo ráyè wọlé, bí ọmọ mi ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́dà sáré wá, ó rò pé ó ń he nǹkan lábẹ́ tábìlì. Ó gbà wá tó ìṣẹ́jú márùn-ún láti ṣàlàyé, nínú wákàtí kan ṣoṣo tí a ní.

Ẹ má parọ́ fún àwọn ọmọdé jù. Ọmọ ọmọ mi, ọdún mẹ́fà ni. Ó rí aṣọ aláwọ̀ òféfèé tí wọ́n máa ń wọ̀ fún wọn nínú gbọ̀ngàn, ó ní, "Màmá, ṣé bọ́ọ̀lù ni Dádì ń gbá?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bojú. Nígbà tí a dé'lé, ìyá ọmọ náà sọ òótọ́ fún un. Ó ní, "Ìgbà wo la tún ń lọ?"

Ní 2017 Lord Farmer kọ ìwé fún ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó sọ níbẹ̀ pé àwọn tí ẹbí ń bẹ̀ wò, ìwà ọ̀daràn wọn lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n fi ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wò ó, kúlà ìrẹsì mi yẹn kì í ṣe eré.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ onílùú Britain, tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún, ẹ tètè wá lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú. Òfin 2007 ní kí wọ́n dá irú wọn padà sílé, àfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Ẹ má dúró dìgbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde.

Fóònù ọ̀fẹ́ wà fún ẹbí ẹlẹ́wọ̀n, 0808 808 2003. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín láti sọ̀rọ̀, ẹ wá bá mi, màá bá yín tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, Thamesmead ni mò ń lọ. Aago mọ́kànlá ni màá wà ní ibùdókọ̀ Peckham, níbi tí 177 ti ń gbéra. Ẹni tó bá ń lọ, kó jẹ́ ká jọ wọkọ̀.