Ẹ Ka Ara Ìgò Kí Ẹ Tó Da Òògùn

Bí ọmọ bá ń húkọ́ lóru, ta ni a óò jí kó wá bá wa ka ìgò òògùn? Àwa fúnra wa ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń ka ara ìgò: nígbà tí wọ́n bá mú un, kí wọ́n tó da òògùn, àti kí wọ́n tó dá ìgò padà. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo orúkọ òògùn, iye tí a óò lò, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti nọ́ńbà NAFDAC. Bí ẹ bá rí CODEINE, ẹ má fún ọmọdé; ó lè dín èémí rẹ̀ kù títí yóò fi dá. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de òògùn ikọ́ olómi tó ní in nínú.

Ẹ má fi ṣíbí ọbẹ̀ wọn òògùn o. Ife kékeré tó bá ìgò wá ni kí ẹ lò.

Ojú wa ti là. Ẹ jẹ́ kí ó gba ọmọ wa là.