Ẹnì Kan Gbọ́dọ̀ Sọ Fún Ọmọ Náà



Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ méjì tí wọ́n wọlé lọ́jọ́ kan náà. Bàbá ọ̀kan kàwé gboyè. Nídìí oúnjẹ alẹ́ ni ó ti ń ṣàlàyé ilé-ìwé gíga fún un. Ìyá èkejì ń ta ata. Ó sapá títí ó fi rí owó san, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò la ọ̀nà yé ọmọ rẹ̀. Ọpọlọ wọn lè dọ́gba, síbẹ̀ ọ̀kan ti ṣáájú èkejì. Èyí kò tọ́, ó sì wà níkàáwọ́ wa láti tún un ṣe.

Kí ni kí a sọ fún ọmọ náà? Èkínní, láti sáà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń ka máàkì tí yóò fi jáde. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, A jẹ́ póìntì 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, F kò ní nǹkan kan. Bí ó bá ṣe kọ́ọ̀sì 6 tí yúníìtì wọn dọ́gba, tí ó gba C nínú 4, tí ó sì kùnà nínú 2, CGPA rẹ̀ yóò jẹ́ 2.00. Bí ó bá gba B nínú kọ́ọ̀sì 6 mìíràn ní sáà kejì, 3.00 péré ni yóò dé. Bẹ́ẹ̀ 3.50 ni wọ́n ń béèrè fún second class upper.

Èkejì, kò sí olùkọ́ tí yóò fi pàṣán lé e wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú 100 kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìdánwò. Kí ó tètè forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí ó sì mọ ọ́fíìsì olùkọ́ tí ń tọ́ wọn sọ́nà.

Ẹ̀kẹta, owó. Láti 2024 ni NELFUND ti ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga ìjọba lówó láìgba èlé. Gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Kí ìdílé jọ rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ebi ti ọmọ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, kí olúkúlùkù mú ọmọ kan. Ẹ máa pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kò kàwé, ẹ̀yin náà lè béèrè pé: “Kọ́ọ̀sì wo ló le jù? Ta lo lọ bá nípa rẹ̀? Ṣé o jẹun?”

Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ̀ pé oríta wà níwájú kò ní béèrè. Àwa ni kí a sọ fún un. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.