Glenys Kinnock: Olùkọ́ tó sọ̀rọ̀ ọjà Áfíríkà nílé aṣòfin Yúróòpù

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni wọ́n ń sọ nílé aṣòfin Yúróòpù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí wọ́n ń jíròrò níbẹ̀ lè kan àgbẹ̀ kòkó ní Ghana àti ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ní Kánò. Iṣẹ́ òṣèlú Glenys Kinnock fi èyí hàn gbangba.

Ọdún 1944 ni wọ́n bí i, ìlú Holyhead ní Wales ló sì ti dàgbà. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe. Lásìkò tí ọkọ rẹ̀, Neil Kinnock, fi jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour láàárín ọdún 1983 sí 1992, ìyàwó Neil ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Lọ́dún 1994, òun fúnra rẹ̀ díje, ó sì wọlé sí ilé aṣòfin Yúróòpù láti Wales. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló lò níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, àjọ EU àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Caribbean àti Pacific buwọ́ lu àdéhùn kan ní Kùtọnu, lórílẹ̀-èdè Benin. Òun ló rọ́pò èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Lomé lọ́dún 1975. Àwọn aṣòfin ìhà méjèèjì ní àpérò tí wọ́n ti jọ ń jókòó, alága méjì ló sì ń darí rẹ̀. Láti ọdún 2002 sí 2009, Kinnock ni alága láti ìhà Yúróòpù.

Owó ibodè ló wá dá awuyewuye sílẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn Lomé, ọ̀pọ̀ ọjà Áfíríkà ń wọ Yúróòpù láìsan owó ibodè, kò sì pọn dandan kí Áfíríkà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjà òyìnbó. Èyí kò bá òfin àjọ okòwò àgbáyé mu. EU wá ń wá àdéhùn tuntun kí ọdún 2007 tó parí, tí Áfíríkà náà yóò fi ṣí ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

Kinnock wà lára àwọn tó ta ko bí wọ́n ṣe ń kán àwọn orílẹ̀-èdè tálákà lójú. Ìdí kò jìnnà: bí ọjà òyìnbó bá ya wọlé, ilé iṣẹ́ kéékèèké lè kógbá sílé, owó tó ń wọlé fún ìjọba láti ibodè yóò sì dínkù. Àmọ́ ìgbìmọ̀ aláṣẹ EU ló ń dúnàádúrà, kì í ṣe aṣòfin.

Ghana àti Côte d'Ivoire ṣe tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má baà pàdánù ọjà wọn ní Yúróòpù. Nàìjíríà kọ̀, kò buwọ́ lù ú.

Lọ́dún 2009, Kinnock di mínísítà fún ọ̀rọ̀ Yúróòpù nínú ìjọba Gordon Brown, lẹ́yìn náà ó bójú tó ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Ó dágbére fáyé ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, lẹ́ni ọdún 79.

Láti ìgbà tí Britain ti kúrò nínú EU lọ́dún 2020, kò sí aṣòfin rẹ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bá tún fẹ́ dúnàádúrà, ohùn kan ṣoṣo ló yẹ kó jáde lẹ́nu wọn.