Ọ̀rọ̀ Ọpẹ́ àti Ìbátan Èdè

Àwọn àgbà Yorùbá a máa sọ pé ẹni tí ó bá mọ inú rò ni yóò mọ ọpẹ́ dá. Irú èrò yìí kan náà ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ ọpẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: ‘thank’, tí í ṣe ‘dúpẹ́’, àti ‘think’, tí í ṣe ‘ronú’, orísun kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ‘danken’ àti ‘denken’ ti Jámánì. Ǹjẹ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì wá di ìbátan bí? Rárá o. Èrò lè jọra láìjẹ́ pé àwọn èdè náà bá ara wọn tan.

Ní ọdún 1786, ní ìlú Kàlìkọ́tà, William Jones ṣàlàyé pé Sáńsíkírítì, Gíríìkì àti Látìn jọra débi pé orísun kan ni wọ́n ti ní láti ṣẹ̀. Ẹbí náà ni à ń pè ní Índo-Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ọpẹ́ nìkan wá ẹbí yìí yóò ṣìnà. Ọmọ Látìn ni Faransé, Ítálì àti Potogí. Síbẹ̀, ‘merci’ ti Faransé wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí owó iṣẹ́. ‘Grazie’ ti Ítálì wá láti inú ojúrere. ‘Obrigado’ ti Potogí sì ń sọ pé oore ti de ẹni tí a ṣe é fún mọ́ olóore.

Ní ìdà kejì, ‘dziękuję’ ti Pólándì jọ ti Jámánì, ṣùgbọ́n àyálò ni. ‘Arigatō’ ti Japan jọ ‘obrigado’, ọ̀pọ̀ sì rò pé àwọn Potogí ni ó mú un dé ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn ará Japan ti ní ọ̀rọ̀ náà kí Potogí tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1543.

Kí wá ni ẹ̀rí ìbátan? Ìró tí ó bára mu léraléra ni. Níbi tí ‘th’ bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ‘d’ ni a sábà ń bá nínú Jámánì: ‘thank’ àti ‘danken’, ‘three’ àti ‘drei’, ‘thorn’ àti ‘Dorn’. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó ẹlẹ́rìí; ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ni í jẹ́rìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní torí ìjọra ojú lásán pe àlejò ní ọmọ ìyá.