Ọrùn Ni Ó Gbé Orí: Ọ̀rọ̀ lórí Ìrora àti Ìwòsàn Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

 

Eegun méje ni ó wà ní ọrùn ènìyàn. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ abẹ yọ ohun rírọ̀ tí ó ti bàjẹ́ láàárín méjì nínú tèmi, wọ́n fi àbùlé eegun dípò rẹ̀, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ dè wọ́n pọ̀. Irin kọ́ ni ó ń woni sàn. Ó kàn ń di eegun mú ni. Eegun fúnra rẹ̀ ni yóò so pọ̀, èyí sì lè gba oṣù mẹ́ta títí di ọdún kan.

Àwọn kan ti bi mí pé: ṣé awo tí kò lè foríbalẹ̀ ṣì jẹ́ awo? Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Orí ni à ń bọ, ọrùn ni ó sì gbé Orí dúró. Ẹni tí ó ba ọrùn jẹ́ kí a má baà pè é ní agbéraga, ta ni ó bọ̀wọ̀ fún?

Awo mọ èèwọ̀. Èèwọ̀ ni mo ka ìlànà dókítà sí: n kò gbọdọ̀ ru ẹrù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fa ọrùn mi tàbí kí ó lọ́ ọ. Sìgá àti aṣáà wà níbẹ̀, nítorí tábà ń dí eegun lọ́wọ́ láti so pọ̀. Bí mo bá ń lo oògùn ìrora líle, mo ń ta ọtí sílẹ̀, n kì í tọ́ ọ wò: àpapọ̀ méjèèjì lè dá èémí dúró.

Iwájú ọrùn ni wọ́n gbà wọlé, nítorí náà ohùn mi há fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ọmọ awo ni wọ́n ń bá mi sun ìyẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìrora, nọ́ńbà ni wọ́n ń béèrè nílé ìwòsàn, láti 0 dé 10. Ó dára, ṣùgbọ́n èdè wa sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọrùn bá ń ro ọ́, ẹran ara ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá ń jó ọ, tí ó ń ta ọ́ láti èjìká dé ìka, tàbí tí ọwọ́ kú, iṣan ìmọ̀lára ni. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìrora tí a fi pa mọ́ kì í ṣe ẹbọ; kì í jẹ́ kí a sùn, kì í jẹ́ kí a rìn, ìrìn sì wà lára ìwòsàn.

Ẹ dárúkọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu fún dókítà, nítorí òmíràn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bí ó ti yẹ. Ẹ béèrè kí ẹ tó lo ibuprofen, nítorí ó lè fa síso eegun sẹ́yìn. Bí mímí bá nira, bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣoyún, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé rọ, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ yóò dúró dè wá.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àga wà ní gbogbo ilé Ifá wa, kí a sì gba ìbà ẹnu lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìforíbalẹ̀.

Kí Orí wa má gbàbọ̀dè. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.