Ohun Tó Jóná Kọ́ Ló Máa Ń Jẹ̀bi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀ka mọ́tò, ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá. Wọ́n ní kí n gbà yín níyànjú nípa ìgbésí ayé, ṣùgbọ́n pásítọ̀ àti lemọ́ọ̀mù tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti ṣe ìyẹn yanjú. Òórùn ni mo fẹ́ bá yín sọ: òórùn nǹkan tó ń jóná nígbà tí mọ́tò bá wà lórí ìrìn.

Láìpẹ́, oníbàárà á gbé ọkọ̀ wọlé tọ̀ yín wá, á ní, "Ọ̀gá, nǹkan kan ń jó nínú mọ́tò mi." Ẹ má tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló ń gbọ́ òórùn náà. Ṣé bó bá ń gun òkè ni, àbí bó bá tẹ bíréèkì? Ṣé bó bá tan AC ni? Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ kankan sí i lára? Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lè rùn fúngbà díẹ̀, torí ọ́ìlì tó dà sí ara páìpù èéfín ló ń jó dànù. Ẹni tí kò béèrè lè fi ìyẹn ta gásíkẹ́ẹ̀tì fún aláìmọ̀kan.

Ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ sikánà. Ó dára, ṣùgbọ́n sikánà ò ní imú. Wáyà tó ń jó máa ń rùn bí ike, bẹ́líìtì tó ń yọ̀ lórí púlì máa ń rùn bíi rọ́bà, bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì a sì máa ta ni nímú. Ọ́ìlì tó ń kán sórí páìpù gbígbóná ń rùn bí epo tó pọ́n kọjá nínú agbada. Ìwé yín tún sọ pé òórùn dídùn ni ti omi rèdíétọ̀ tó ń jò. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ kúláǹtì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ máa bá pàdé níhìn-ín, omi lásán ni wọ́n ń bù sí i. Ẹ má dúró de òórùn dídùn kí ẹ tó wo gééjì ooru.

Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣìnà rèé: ohun tó jóná ni wọ́n ń pààrọ̀, wọn kì í wá ohun tó sun ún. Bẹ́líìtì jó, wọ́n fi tuntun sí i, ìyẹn náà tún jó. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ fọwọ́ yí àwọn púlì lọ́kọ̀ọ̀kan: ti ọ́tánétọ̀, ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ AC, ti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Èyí tó bá há tàbí tó ń han gooro, òun lẹ ń wá. Bíréèkì náà ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, páàdì tuntun ò ní wò ó sàn nígbà tí kálípà ti dípẹtà, tó há. Ooru yẹn ò sì ní dúró lára páàdì. Ìlànà ní omi bíréèkì DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C. Èyí tó ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́, 140°C ni ìlànà fún un. Bó bá hó, ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà á wọlẹ̀, mọ́tò ò sì ní dúró.

Kílọ́ọ̀ṣì tó ń rùn lórí òkè nínú gosiló, ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ló sábà máa ń fà á. Hánbúréèkì ló yẹ kó fi dá ọkọ̀ dúró, kílọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ fọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún un.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti fíúsì. Fíúsì 15, aláwọ̀ búlúù, já. Ẹnì kan á ki 30 aláwọ̀ ewé bọ̀ ọ́, ẹlòmíì á tilẹ̀ fi wáyà lásán dè é. Rédíò ń kọrin, oníbàárà ń dúpẹ́. Fíúsì tó já ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀ fún. Bí ẹ bá fún un ní arọ́pò tó lágbára ju wáyà lọ, wáyà ló máa jó, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí ojú ò tó ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wáyà ti bó tó ń kan irin, pàápàá níbi tí wọ́n ti já wáyà fún rédíò tàbí hóònù tuntun.

Ìyá oníṣòwò kan gbé ọkọ̀ wá bá mi. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn ti ní kí wọ́n ra bẹ́líìtì, wọ́n ti ní kí wọ́n ra páàdì, òórùn ò lọ. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló yọ́ mọ́ sàléńsà. Nígbà tó tutù, ọ̀bẹ ni mo fi ha á.

Bí wọ́n bá pè yín láti ojú ọ̀nà pé èéfín ń jáde, ẹ ní kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì, kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí ọkọ̀. Kí wọ́n má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbayawu, afẹ́fẹ́ á ran iná lọ́wọ́. Kí wọ́n má da omi sí iná pẹtiróòlù. Bó bá sì jẹ́ òórùn pẹtiróòlù ni wọ́n ń gbọ́, bí ò tilẹ̀ sí èéfín, kí wọ́n má ṣe tan ọkọ̀ náà mọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí owó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn àríyá yìí, ẹ ra mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wáyà wò fún wọn, kí ẹ sì ra agolo ìpaná kan mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú oríire. Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ yín. Bí òórùn kan bá rú yín lójú, ẹ pè mí kí ẹ tó rán oníbàárà lọ ra nǹkan.